Ọ̀rọ̀ tí Ìyìn Bá Bàbá Rẹ̀ Sọ Lábẹ́ Òkun

Nígbà tí Bùnmi wà láyé, òun ni alágbàsọ láàárín Túbọ̀sún ọkọ rẹ̀ àti Ìyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Láti kékeré ni Ìyìn ti jẹ́ adití. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ èdè ọwọ́ dáadáa kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ní ti Túbọ̀sún, lọ́rì ló ń wà ní Dagenham Dock nílùú òyìnbó. Ìdájí ló ń jáde, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Ó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ oúnjẹ, oorun, pẹ̀lẹ́, mo fẹ́ràn rẹ. Ìyókù, Bùnmi ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Bùnmi ṣaláìsí, ilé wọn ní Rippleside pa rọ́rọ́. Kì í ṣe pé bàbá àti ọmọ ń bínú síra wọn. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, nígbà mìíràn lórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í gba orí fóònù kọjá.

Ìyìn fẹ́ràn àtimáa mòòkùn. Yunifásítì ló ti kọ́ ọ, ọdọọdún ló sì ń lọ sí Málítà láti wo àwọn àpáta tó wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó bá òun lọ. Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Àárín òkè ni wọ́n bí i sí, odò tó sì mọ̀ kì í kọjá orúnkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọmọ náà, kò lè sọ pé rárá.

Ó lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní Barking, láàárín àwọn ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fi ẹnu mí. Ohun tí kò sọ fún Ìyìn ni pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun tún ń lọ sí kíláàsì èdè ọwọ́. Nígbà tó dárúkọ ìrìnàjò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ rán an létí pé Málítà yìí ni Mẹ́lítà inú Bíbélì, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́. Àdúrà tí wọ́n gbà fún un lọ́jọ́ náà kò kúrú.

Ní Málítà, ọkọ̀ gbé wọn jìnnà sí èbúté. Husnah, olùkọ́ tó ń kó wọn lọ, ló kọ́kọ́ wọ omi. Ìyìn di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì ń tẹ̀ lé okùn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Omi náà mọ́ gaara. Àpáta náà yọ gọnbu bí òkè Ìkẹ́rẹ́, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì bò ó bí eṣú. Ẹja ńlá kan jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí onílé tó rí àlejò tí kò pè. Túbọ̀sún kò gbọ́ nǹkan kan àfi èémí ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti di adití, Ìyìn nìkan ló sì lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú.

Ìyìn kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú rẹ̀. Ó rọra ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò retí pé wọn yóò gbọ́ ju ìdajì lọ.

“Dádì, wọ́n fún mi níṣẹ́ níbí. Ó wù mí kí n dúró. Ẹ̀yin nìkan tí màá fi sílẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.”

Túbọ̀sún gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Mo gbọ́ ọ. Dúró síbi tí inú rẹ ti dùn. Ohun tí ìyá rẹ ì bá sọ nìyẹn.”

Ojú Ìyìn là gbòò nínú awò tó fi bojú. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Túbọ̀sún fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ pé òun fúnra òun lòun lọ kọ́ ọ, ó sì na àtàǹpàkò sókè. Nínú èdè ọwọ́ tó kọ́, ìyẹn ni pé ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń mòòkùn, ó túmọ̀ sí pé ẹ gbé mi lọ sókè. Ni Husnah bá fò mọ́ ọn, ó ń fà á lọ sókè. Ìyìn ń rẹ́rìn-ín débi pé ìfófòó omi bo ojú rẹ̀, kó tó ráyè fọwọ́ ṣàlàyé pé kò sí ohun tó ṣe bàbá òun.

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, ó gbórí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó sì sunkún títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Túbọ̀sún ń fi aṣọ ìnura nu irun rẹ̀, bí Bùnmi ti máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ìyìn ti wà ní Málítà báyìí. Bí Túbọ̀sún bá ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, á fi fídíò pe Ìyìn, á gbé fóònù síwájú nínú ọkọ̀, á sì máa fọwọ́ méjèèjì ròyìn ọjọ́ rẹ̀ fún un. Ìyìn ní ọwọ́ bàbá òun ṣì ń kólòlò, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ ọ.