Bí Mo Ṣe Lọ sí Beltsville Láti Sin Ẹ̀gbọ́n Mi, Agbẹ̀bí

Àdùkẹ́, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ẹni tí ọfà kì í bá lẹ́yìn! Agbẹ̀bí tí kì í wo òjò kó tó dìde. Ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tó gba ìbejì Ṣìdíkátù, tó gba gbogbo ọmọ Ìyá Mọ́ríámọ̀, tó gba Ràímì awakọ̀ tó gbé mi lọ sí Èkó. Sùn re o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ọ̀yọ́, ẹ ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí. Òun nìyí.

Àkùkọ kò tíì kọ tí Ràímì fi fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òkú Ẹ̀gbọ́n mi, tó kú sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nìkan ló ń gbé mi lọ. Ṣadé, ọmọ-ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi, ti wọ oṣù ìbímọ, Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ṣèlérí pé òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ibi ọmọ ló pa ìyá wa. Wọ́n fi ọwọ́ fa okùn ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá mọ́. Bísí náà, ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Ṣadé, ibi rẹ̀ pẹ́ kó tó wá, díẹ̀ ló kù ká pàdánù rẹ̀. Ta ni yóò wá dúró ti Ṣadé? Ni mo bá gbéra.

Torí ikú ìyá wa yìí ni Ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ibẹ̀ ló sì ti kó ìtàn ará Jámánì kan wálé. Ó ní láyé àwọn baba ńlá wa, dókítà yìí ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́ ní Berlin, kí wọ́n tó wá fi í ṣe olórí ilé ìgbẹ̀bí ní Leipzig. Nígbà náà, wọ́n a máa ti ọwọ́ bọ inú obìnrin láti yọ ibi. Dókítà yìí ní rárá, ẹ fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn. Tó bá ti le bí òkúta, ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀, ibi á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun náà ló ń kán oògùn sójú ọmọ tuntun kó má baà fọ́jú. Èmi tí mò ń fọ aṣọ nílé ìgbẹ̀bí Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí ju ìtàn baba bàbá mi lọ.

Délé, ọkọ Bísí, ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà wọn! Kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà, igi lọ́tùn-ún, igi lósì. Nígbà tí a dé Beltsville, ìlú tí wọ́n ń gbé, mo rí màlúù nínú pápá.

"Délé, ta ló ni màlúù?"

"Ìjọba ni, Mọ́mì. Oko ìwádìí wọn ni."

"Ìjọba ń da màlúù! Ta wá ni wọ́n ń bá jà torí oko?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá ibi tó yẹ kó yà sí.

Iṣu kan ṣoṣo, ogún dọ́là. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, mo sì bínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀fọ̀ wọn. Nílé wa, ẹní la máa ń tẹ́, èèyàn á jókòó tì ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níbí, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Bísí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n sunkún, wọ́n tún wo aago, wọ́n lọ. Bísí fúnra rẹ̀ kò tíì sunkún. Ó ní tí òun bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò wa mọ́tò?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìrọbí mú Ṣadé. Kẹ́mi, ọmọ Ìbàdàn, ni agbẹ̀bí tó gbà á nílé ìwòsàn. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó ké, obìnrin ni! A wá ń retí ibi. A retí, a retí. Kẹ́mi di okùn ìwọ́ mú.

"Má fà á! Kẹ́mi, mo bẹ̀ ẹ́, má fà á!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi kejì."

Ọwọ́ kejì wà lórí ikùn Ṣadé, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Síbẹ̀ ibi ò wá. Bísí tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí dúró gbagidi bí igi. Mo bá mú ìgò omi tó ti gbẹ, mo fi sí ẹnu Ṣadé, bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa kí ikùn lè ti ibi jáde.

"Fẹ́ atẹ́gùn sí i! Fẹ́ ẹ gan-an!"

Ṣadé, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ jù, wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, kí ni Grandma ń ṣe?"

"Ṣáà fẹ́ ẹ!" Bísí dá a lóhùn.

Ìgò ilé wa gidi ni mo mọ̀. Ike ni tiwọn, ó rọ̀ bí ewé. Bí Ṣadé ṣe fẹ́ ẹ tó tún mí sínú, ìgò rún wómúwómú mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rín pa á. Ikùn rẹ̀ ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín, ibi sì bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́mi! Kẹ́mi yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó pé. Kò ṣẹ́kù kankan. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń dá. Màmá, abẹ́rẹ́ tí mo fún un ló ṣiṣẹ́ o."

"Abẹ́rẹ́ wo? Ìgò ni!"

"Ìgò kẹ̀?"

"Ìgò!"

Kẹ́mi fi oògùn ra ojú ọmọ. Mo bi í pé kí ni ìyẹn, ó ní kí kòkòrò má baà ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni. Mo pariwo, "Ará Jámánì!" Gbogbo wọn yíjú sí mi, àfi Bísí. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pe ìyá rẹ̀. A jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Mo ti ń rò pé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ iṣẹ́ yẹn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọwọ́ náà pọ̀ láyé.

Ọjọ́ Sátidé la sin Ẹ̀gbọ́n mi ní Upper Marlboro. Kẹ́mi wá. Ṣadé bẹ̀ wá pé òun náà fẹ́ tẹ̀lé wa, mo ní kó jókòó fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ó jókòó. A da iyẹ̀pẹ̀ bo Àdùkẹ́, a sì padà sílé.