Alálàyé Kì Í Dáhùn Ní Gbólóhùn Kan

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Alálàyé ni ti ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ tú ká ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Tíṣà tó ń kọ́ni nípa ohun abẹ̀mí ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ mọ ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ojú fi ń ṣe iṣẹ́ ojú, tí sẹ́ẹ̀lì awọ sì ń ṣe iṣẹ́ awọ, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kan náà, tí jíìnì, ìyẹn àṣẹ iṣẹ́ gbogbo ara, wà nínú rẹ̀, ni gbogbo wọn gbé dání. Ó mú ìwé tí wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí, láti orí gbígbá ilẹ̀ dé orí lílu aago, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọmọ méjìdínlógójì. Ó wá fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń mú aṣọ lórí okùn pa gbogbo ojú ewé dé, ó ku ẹyọ kan tó ṣí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú ewé tó ṣí bá wí ni kí o ṣe. Èyí tí pẹ́ẹ̀gì bá pa dé, ó wà lọ́wọ́ rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kàn ọ́.

Nǹkan kọ́kọ́ ń lọ déédéé. Ẹni tí ìwé ní kó nu pátákó nù ún, ẹni tí ìwé ní kó bomi rin òdòdó bomi rin ín. Àfi bí pẹ́ẹ̀gì ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ṣe já bọ́, tí ojú ewé tó sì ṣí wí pé kí ó lu aago ìparí ẹ̀kọ́. Ọmọ onígbọràn ni. Ó dìde, ó lọ lu ú. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀, ẹgbẹ̀rin ọmọ ti gbé báàgì kọ́ èjìká, àwọn tó yára nínú wọn ti dé títì.

"Ta ló ní kí o lu aago?" ni ọ̀gá bi í.

"Pẹ́ẹ̀gì ló yọ, mà," ni ọmọ náà wí.

Ẹlòmíràn ì bá ti dọ̀bálẹ̀. Ṣe ni ojú Alálàyé tàn bí ẹni tó rí ẹ̀bùn gbà. Ó ní ohun tí òun ti ń wá bí òun ṣe máa ṣàlàyé láti ọdún yìí wá nìyẹn, pé báyìí gan-an ni àrùn mìíràn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí jíìnì tó yẹ kó wà ní pípadé á ṣí lásìkò tí kò yẹ. Ojú ọ̀gá ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọ̀gá kọ ìwé sí i pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, ó sì fi ojú ewé mọ́kànlá fèsì, pẹ̀lú àwòrán. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá kò kọ ìwé sí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò ya àbúrò rẹ̀ obìnrin lẹ́nu. Aránṣọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé sì fi ń pè é. Ó ní láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n òun ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun bi í bóyá omi tó wà lórí iná ti hó. Ó jókòó ti òun, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí omi jẹ́. Nígbà tí yóò fi dé orí híhó, ìkòkò ti jóná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló borí rẹ̀ rí nínú àlàyé, obìnrin tó ń ta adìẹ ní ìkángun títì wọn ni. Alálàyé ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan láìnájà. Ó gbé adìẹ kan sókè, ó ní kí ìyá náà wo ìpẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìran àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n ń wú egungun wọn nínú ilẹ̀. Ó ní àwọn baba ńlá adìẹ yìí léyín lẹ́nu, wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì nírù gígùn, ṣùgbọ́n bí ìran ti ń rọ́pò ìran ni gbogbo rẹ̀ ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Ó wá bèèrè bóyá ó bójú mu kí wọ́n gba owó odindi lórí ẹran tó ti pàdánù eyín, ọwọ́ àti ìrù.

Ìyá aládìẹ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Àwọn tó léyín ọ̀hún dà, Tíṣà?"

Alálàyé ní wọ́n ti run.

"Èyí tí kò léyín ló kù láyé. Owó ẹni tó là á já ni kí ẹ san."

Ó san án pé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sójú pátákó gàdàgbà, ó ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn, nítorí nínú gbogbo ìwé tí òun ti kà lórí bí ayé ṣe ń yan èyí tó máa kù nínú ẹ̀dá, òun kò rí èyí tó sọ ọ́ kúkurú tó bẹ́ẹ̀.

Òun àti Aránṣọ kò jọra rárá. Aránṣọ kúrú, ó ṣe bọ̀nbọ̀, ó sì pupa. Láti ìgbà èwe ni Alálàyé ti ń sọ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti rí i he. Bí wọ́n bá pàdé, àríyànjiyàn ni. Wọ́n lè jiyàn lórí fèrèsé, bóyá kó ṣí tàbí kó wà ní títì, títí yàrá yóò fi tutù fúnra rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ. Bí itan rẹ̀ bá ṣèèṣì kan etí tábìlì lásán, ibẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nínú èrìgì rẹ̀. Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ sọ fún un pé mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀, níbi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá rí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn tó bá tirẹ̀ mu, ọdún náà kò ní parí lójú rẹ̀.

Alálàyé fa àga mọ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní inú mùdùnmúdùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn kò tíì yan iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lorúkọ wọn. Bí ara bá nílò ẹ̀jẹ̀ pupa, ọ̀kan á di ẹ̀jẹ̀ pupa. Bó bá nílò èyí tó ń bá àrùn jà, òmíràn á di ìyẹn. Bí wọ́n sì ti ń jáde lọ síṣẹ́ ni wọ́n ń bí òmíràn sílẹ̀ kí ilé má baà ṣófo. Ó ti ń wọ wákàtí kejì nígbà tí Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè.

"Ìgàn aṣọ ni," ó ní. "Bí a kò bá tíì gé e, a lè fi rán ohun tó bá wù wá. Bí a bá ti fi rán ṣòkòtò, ó di ṣòkòtò nìyẹn. Àmọ́ ìgàn tiyín yìí ń hù padà. Tèmi ni kò hù mọ́."

Alálàyé yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ wá tú àṣírí fún Aránṣọ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ pé ìgàn aṣọ ni ọkọ òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kọ́ ló ni ín.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tọmọ-ìyá gbogbo wò, ẹ̀gbọ́n àgbà méjì àti Alálàyé. Nínú gbogbo wọn, Alálàyé tó ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti he Aránṣọ nìkan ni tirẹ̀ bá a mu. Dókítà pe àwọn méjèèjì sínú ọ́fíìsì kékeré tí àga ike mẹ́ta kún bámúbámú. Ó ní abẹ́rẹ́ ńlá ni wọn yóò fi gún Alálàyé ní eegun ìbàdí, pé yóò dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, pé ewu díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ní kó lọ rò ó wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Aránṣọ fẹ̀yìn ti àga, ó ń dúró de àlàyé.

"Ẹ gbà á," ni Alálàyé wí.

Dókítà dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Aránṣọ ní ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba òun jù lọ, nítorí ìgbà náà lòun mọ̀ pé àìsàn òun kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ohùn rẹ̀ ti padà. Wọ́n ń tì í lọ lórí ibùsùn onítáyà, ó ń ṣàlàyé mùdùnmúdùn fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún dókítà. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé abẹ́rẹ́ oorun tí àwọn gún un, kì í ṣe tìtorí ìrora nìkan.

Lẹ́yìn tí wọ́n fa mùdùnmúdùn náà sí i lára, Aránṣọ wà nínú yàrá onígíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó lè wọlé tọ̀ ọ́ nítorí àrùn. Ní gbogbo ọ̀sán, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, Alálàyé á dé, á kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà, á gbé e mọ́ gíláàsì kó kà á. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé ogójì bébà wá. Ó kọ ọ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà eegun. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, tí èsì àyẹ̀wò kò yí padà, bébà ń dín kù. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹyọ kan ló gbé wá. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Aránṣọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì, ó sunkún.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Alálàyé fi yangàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Irú ẹ̀jẹ̀ Aránṣọ yí padà di tirẹ̀, àyẹ̀wò kan tilẹ̀ wí pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ni. Ó gba ìwé àyẹ̀wò náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Bí Aránṣọ bá rán ẹ̀wù tó gún régé, á ní ẹ̀jẹ̀ òun ló rán an. Bó bá gé apá aṣọ kúrú, á ní ẹ̀jẹ̀ lòun fún un, òun ò fún un lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ló kú, lórí àga nínú yàrá àwọn tíṣà. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Níbi ìsìnkú, wọ́n sọ ìtàn pẹ́ẹ̀gì, wọ́n sọ ti adìẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ohun kan ti ká a láyà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ni mùdùnmúdùn bá kú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí mùdùnmúdùn ọ̀hún? Ṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì Alálàyé kò ní tẹ̀ lé e lọ? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bi, ilẹ̀ sì ti bo ẹni náà. Àràárọ̀ ló ń yẹ apá àti itan rẹ̀ wò bóyá ibì kan ti dúdú. Kò gba iṣẹ́ tó máa kọjá oṣù kan mọ́, kó má baà di pé òun kú tòun ti aṣọ oníbàárà tí òun ti gé tí òun kò tíì rán. Ojú sì ń tì í pé ó ń bẹ̀rù ikú tara rẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò lè fara dà á mọ́, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà ọjọ́sí ló bá níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lọ, ó padà wá pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ yín dára, mà. Ó dára ju tèmi lọ."

"Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Mo gbọ́. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Èèyàn gidi ni wọ́n."

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn tó wà lára mi, ṣé wọ́n mọ̀?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. "Wọn ò mọ̀, mà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ara yín, ara yín nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lánàá ni wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa ṣe é títí ẹ ó fi darúgbó."

Omijé tí kò jáde láti ọjọ́ ìsìnkú bá jáde, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e, Aránṣọ kò mọ èyí tí ì bá dì mú nínú méjèèjì. Ó di ọwọ́ dókítà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ó ní, "kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn."