Ohun Tí Bàbá Mi Ń Rí Nínú Ètò Ìràwọ̀

Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo ẹ́sítéètì wa ní Ṣàngótẹ̀dó tí inú wọn máa ń dùn bí iná bá lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, láti aago méje sí aago méje ààbọ̀, bí iná bá ṣẹ́jú lásán, ẹ ó gbọ́ èébú. Àkókò ètò ìràwọ̀ nìyẹn. Bí ètò náà bá ti parí, wọ́n á fẹ́ kí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, kí àwọn lè jáde sí fáráńdà lọ wo ohun tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn oníná ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ètò òyìnbó ni, orí díìṣì la ti ń wò ó. Ó ti wà kí ìyá mi tó bí mi. Ìgbà tí bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, lórí tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun tó wà ní pálọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Bàbá àgbà kan ló ṣe atọ́kùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, tí obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí bọ́ sípò rẹ̀, bàbá mi ò wo ètò náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní ọmọ náà ń yára sọ̀rọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ó mọ̀wé." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìparí ètò náà ni wọ́n fẹ́ràn jù, níbi tí atọ́kùn ti máa ń sọ ohun tí ojú lè rí lójú ọ̀run láàárín oṣù. Bàbá mi á máa bá a jiyàn. Bí obìnrin náà bá yin Ìràwọ̀ Àríwá pé ó ga, pé kò ṣeé ṣì mú, wọ́n á ní lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún nìyẹn, pé ní Èkó níbí ó rẹlẹ̀ débi pé tánkì omi aládùúgbò wa ló bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá dárúkọ Fínọ́ọ̀sì, wọ́n á ní, "Àgùàlà ni tiwa ń jẹ́." Wọ́n á wá pa á lówe fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Ìdí mìíràn wà tí wọn kì í fi ètò náà ṣeré. Mọ́sáláṣí kan wà lọ́nà Addo, níbi tí bàbá mi ń gbé kí ìyá mi tó kú, kí wọ́n tó kó wá sọ́dọ̀ mi. Bó bá di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀, bàbá mi ni mọ́sáláṣí náà máa ń rán láti wo oṣù. Ohun tí wọ́n bá rí ni Alfa mọ́sáláṣí náà máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà. Ẹlòmíràn á rí ìkùukùu, á ní oṣù ti lé. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ètò ìràwọ̀ ti kọ́ wọn ní ibi tó yẹ kí èèyàn kọjú sí, àti bí àsìkò náà ṣe kúrú tó lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Tísà ni gbogbo mọ́sáláṣí ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ti tán, aya ti lọ. Orúkọ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn, wọn ò sì fi í ṣeré rárá.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí ètò bá ń lọ lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fi hàn yẹn? Àwọ̀ wo ni? Apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?

Ẹni tí tísà bí nìkan ló lè mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí mi. Nílé wa, nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ohun tí wọn kì í fi ṣe ìdánwò. Bí a bá ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́, wọ́n á ní ká dárúkọ odò tó ṣàn gba ìlú tí wọ́n ti gbìn ín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba máàkì, ẹni tó bá kùnà á gbé àwo. Mo wá rò pé wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, tí mo ní àwọn èèyàn lábẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone, tí mo ń gba wàhálà ojú ọ̀nà lójoojúmọ́, bàbá mi ń ṣe ìdánwò fún mi ní Sọ́ńdè.

Mo máa ń dáhùn bí ọmọ ilé ìwé. "Sátọ̀n ni, Bàbá, tòun ti òrùka rẹ̀." Wọ́n á ní, "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. O ò sọ ẹ̀gbẹ́ tí òrùka náà tẹ̀ sí." Ìgbà mìíràn, bó bá ti rẹ̀ mí, màá kàn máa tẹ fóònù mi, màá ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ń wò ó." Wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá rántí ìdákẹ́ yẹn báyìí, ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Wọ́n ti fa àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Wọ́n ní gíláàsì ojú àwọn ló dọ̀tí. Mo bá wọn nù ún, mo sì gbàgbé.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ààwẹ̀, obìnrin atọ́kùn náà sọ pé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Àgùàlà á hàn gbangba ní ìwọ̀ oòrùn, oṣù tuntun á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Jímọ̀ yẹn gan-an la máa wo oṣù.

Ilé alájà mẹ́ta kan wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì wa tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ mọ̀ wá, ó jẹ́ ká gòkè. Bàbá mi di èjìká mi mú lórí àtẹ̀gùn, mo rò pé orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lókè, oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn àwọn ilé Ajah, ojú ọ̀run sì mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì.

"Kí lo rí?" wọ́n bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni wọ́n rán níṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi."

Wọ́n na ìka. "Àgùàlà nìyẹn," wọ́n ní. "Oṣù á wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Mo wo ibi tí wọ́n nà sí. Iná pupa orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àgùàlà wà lápá òsì pátápátá, ó funfun, ó mọ́lẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ á rí i. Oṣù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí wọ́n gé.

"Bàbá, iná òpó nìyẹn."

Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọn ò jiyàn. Ẹni tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ò bá mi jiyàn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Wọn ò fi ìgbà kankan ṣe ìdánwò fún mi. Ṣe ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn wò ó, èmi sì ń tẹ fóònù. Ojú tì mí, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi wọ́n.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Dókítà ní gulukóómà ni, àrùn ojú, pé ìríran tó ti lọ ò lè padà mọ́."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù wọn dún. Alfa ni.

Mo sọ ọ́ kíákíá. "Bàbá, oṣù ti lé. Mo ń wò ó báyìí. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ rí i. Kì í ṣe irọ́, ó wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ibi tó wà."

"Mo mọ ibi tó wà," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n wọn ò rán mi pé kí n wá mọ ibi tó wà. Wọ́n ní kí n wá rí i."

"Wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín."

"Kí wọ́n gbà á. Èèyàn ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí gbààwẹ̀."

Wọ́n na fóònù náà sí mi. 

Mo kí Alfa. Mo ní èmi rí oṣù, mo sọ ibi tó wà àti ibi tí ìwo rẹ̀ kọjú sí. Alfa ní, "Alhamudulilai, o káre. Tísà ńkọ́? Ẹ̀rí Tísà là ń dúró dè." Mo wo bàbá mi. Wọ́n mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́.

"Alfa, bàbá mi ò rí i," mo ní. "Wọn ò ríran mọ́."

 Alfa ní àwọn èèyàn kan ti pè láti Badore pé àwọn náà rí i, pé àwọn á gba tiwọn pọ̀ mọ́ tèmi. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti mọ Alfa, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn ò pe bàbá mi ní Tísà nìyẹn.

Mo pa fóònù, ẹkún sì gbọ̀n mí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, pé kò yẹ kí n là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn dáa," bàbá mi ní. "Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ."