Akàn Tí Ìyá Ọkọ Mi Mú Mi Lọ Jẹ Ní Ìfọ́n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n ro ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ìlobù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni o! Ọ̀rọ̀ akàn ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ ní sùúrù, ẹ máa rí ibi tí mò ń lọ.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í jẹun níta nílé wa. Lójú bàbá mi, ẹni tó bá ń jẹun níta, bóyá ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ ọbẹ̀ sè, tàbí kó jẹ́ pé ìrìn-àjò ló ká a mọ́. Ní ti akàn, àwọn kéékèèké inú odò nìkan ni mo mọ̀, èyí táwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ nílé wa.

Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990 ni mo fẹ́ Délé, ọmọ Ìlobù. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Òṣogbo, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìfọ́n. Gánà ni wọ́n bí Délé sí. Ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ, ni àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù, kó ọmọ, tí wọ́n padà wálé. Bàbá rẹ̀ ti kú kí n tó wọ ilé náà. Màmá ló ku, àti Abẹ́nà, àbúrò Délé obìnrin. Màmá ń ta abọ́ àti ìkòkò ní iwájú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ẹ̀rù Màmá máa ń bà mí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá máa bá Délé àti Abẹ́nà sọ̀rọ̀, èdè Gánà ló máa ń jáde, èmi á kàn jókòó bí ẹni tó ṣìnà wọlé. Èmi fúnra mi, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò pè mí ní Fọlákẹ́, wọn ò sì pè mí ní ìyàwó mi bí àwọn ìyá ọkọ yòókù ṣe ń pe ìyàwó ọmọ wọn. Tíṣà, ṣé o ti dé? Tíṣà, bá mi ka lẹ́tà yìí. Ó máa ń dùn mí. Mo gbà pé ńṣe ni wọ́n ń rán mi létí pé àlejò ni mí.

Ní ọdún kejì ìgbéyàwó wa, mo lóyún. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, oyún náà bà jẹ́. Mi ò ní fa ìyẹn gùn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ti ọsibítù dé, oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi mọ́. Délé á ra búrẹ́dì, á ra ọsàn, á gbé e kalẹ̀, á sì tún kó o kúrò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń wá. Ṣùgbọ́n Màmá ńkọ́? Láràárọ̀, wọ́n á gbé omi gbígbóná síwájú yàrá wa, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Kí n tó ṣí i, wọ́n ti lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí ohun tí a jọ ń sọ kò ju ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ lọ.

Obìnrin kan ládùúgbò wa tó wá kí mi ló wá dá kún un. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n múra ọkàn mi sílẹ̀ o, pé òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé tí ìyá ọkọ bá ti dákẹ́ báyẹn, àtidá ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀ ló ń rò. Èmi náà gbà á gbọ́. Ta ni mo fẹ́ bi?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màmá kan ilẹ̀kùn, wọn ò sì lọ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n wẹ̀, kí n wọ aṣọ tó dáa, pé a fẹ́ jáde. Mo bi wọ́n pé ibo là ń lọ. Wọ́n ní tí a bá débẹ̀, màá rí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀yin ìbá rò?

Mo wẹ̀, mo wọṣọ. Mo wá mú báàgì kékeré kan, mo ki ìró méjì sí i, mo ki Bíbélì mi sí i. Mo ní kò sóhun tí mo fẹ́ padà wá mú tí mo bá ti lọ. Nígbà tí mo jáde, Délé ti wọṣọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí lójú. Abẹ́nà náà ti múra tán. Mo sọ nínú ara mi pé, áà, gbogbo ilé ló fẹ́ sìn mí lọ.

Ẹni tó bá mọ Ìlobù mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá kọjú sí apá Òṣogbo, Ẹ̀rìn ni ó máa gbà kọjá, ìyẹn ilé bàbá mi. Tó bá kọjú sí apá kejì, Ìfọ́n nìyẹn. A dúró sí ẹ̀bá títì. Ọkọ̀ Òṣogbo dé, ó dúró níwájú wa. Màmá fi ọwọ́ ṣe fún un pé kó máa lọ. Òmíràn tó ń lọ sí Ìfọ́n dé, òun ni wọ́n ní ká wọ̀.

Ìfọ́n kẹ̀? Ibi iṣẹ́ mi! Mo ń rò ó nínú ọkọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ mi sùn lọ́dọ̀ èdìmásítà wa ni. Bí ọkàn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá wọ̀ ọ́ nìyẹn.

A sọ̀ kalẹ̀, a rìn díẹ̀, a dé ilé kan tó ní fàráńdà gbọọrọ. Wọ́n to tábìlì gígùn méjì àti bẹ́ńṣì síbẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ kan ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Obìnrin kan tó ga jáde, ó ń nu ọwọ́ lára ìró. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n wò mí títí, wọ́n wá yíjú sí Màmá.

"Ṣé Tíṣà wa nìyí?"

Ìyá Kọ̀fí ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n, àwọn àti Màmá ni wọ́n jọ tajà ní Gánà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí ọmọ wọn ọkùnrin, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Kọ̀fí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Kọ̀fí ló ń wa ọkọ̀ lọ sí Èkó. Tó bá ń bọ̀, ó máa ń gbé agbọ̀n akàn, edé tútù àti ẹja òkun bọ̀, ìyá rẹ̀ á sì sè é ní Sátidé fún àwọn tó bá ti ránṣẹ́ ṣáájú.

Ìyá Kọ̀fí ò jẹ́ kí n jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ Màmá fún mi. Wọ́n ní tí Màmá bá ti wá sí Ìfọ́n, orúkọ mi kì í kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní Màmá ò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, pé gbogbo ẹni tó bá wá ra abọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé tíṣà wà nílé àwọn. Wọ́n tún ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá ti fẹsẹ̀ ara wọn wá bẹ̀ wọ́n pé kí Kọ̀fí wá akàn ńláńlá, pé ẹnì kan wà tí òun fẹ́ kó jẹun.

Mo wo Màmá. Wọ́n ń wo ojú títì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi omi ẹyìn ọ̀pẹ sè ni, ó pọ́n, edé wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, akàn sì jókòó sáàárín abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Kẹ́ńkè ni wọ́n fi tì í, ìyẹn ẹ̀kọ Gánà, ó le ju tiwa lọ, ó sì kan díẹ̀. Délé àti Abẹ́nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní tiwọn. Èmi ń wo akàn, akàn ń wò mí.

Mo fi síbí gbá a, kò lọ síbì kan. Mo fi eyín gbìyànjú, eyín ń ro mí. Ọmọ ọlọ kékeré kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń fọ́ ọ. Mo gbé e, mo sì lù ú pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Èékánná akàn náà fò kọjá lórí Abẹ́nà, ó lọ bọ́ sínú abọ́ ọbẹ̀ ọkùnrin kan ní tábìlì kejì. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Èdìmásítà mi ni! Àwọn àti ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ wọn ló wá jẹun.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Èdìmásítà wo èékánná akàn, wọ́n wò mí, wọ́n mú un, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí mo bù fún wọn.

Abẹ́nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Délé tẹ̀ lé e. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti bí oṣù kan. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ẹkún náà ò sì ṣe é dá dúró mọ́.

Délé dìde, Màmá fi ọwọ́ ṣe fún un pé kó jókòó. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n mú akàn mi, wọ́n fi ọmọ ọlọ kàn án jẹ́jẹ́, ó là, wọ́n fa ẹran funfun inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi í sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Wọ́n fa òmíràn, mo jẹ ẹ́.

"Kí n tó bí Délé, mo bí méjì," Màmá sọ. "Gánà la sin wọ́n sí. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ, mi ò ráyè lọ wo ibẹ̀ mọ́."

Délé dáwọ́ oúnjẹ dúró. Òun náà ò gbọ́ ọ rí.

Màmá ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ akàn lọ. Wọ́n ní nígbà tí ìkejì kú, àwọn náà ò jẹun mọ́. Bàbá Délé kò mọ ohun tó máa sọ, ló bá mú wọn lọ sí etí òkun, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń se akàn, ó sì jókòó tì wọ́n tí ó ń bá wọn fọ́ ọ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ padà sẹ́nu wọn. Wọ́n ní akàn kì í jẹ́ kéèyàn kánjú. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á máa ṣiṣẹ́, kó o tó mọ̀, o ti jẹun.

"Láti ìgbà tó o ti dé láti ọsibítù, tí mo bá ti wò ọ́, ara mi ni mò ń rí," ni Màmá wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bá ọ sọ ọ́. Má bínú sí mi."

Ìyá ọkọ ni o, tó ń sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó má bínú! Ara mi ò gbà á. Mo fa báàgì mi síta lábẹ́ bẹ́ńṣì, mo ṣí i hàn wọ́n.

"Màmá, mo rò pé ẹ fẹ́ dá mi padà sílé bàbá mi ni."

Màmá wo ìró méjì yẹn, wọ́n wo Bíbélì. Wọ́n pa báàgì náà dé, wọ́n gbé e lé itan ara wọn.

"Jẹun," ni wọ́n sọ. "Tí a bá jẹun tán, a máa padà sílé wa."

Akàn mẹ́ta ni mo jẹ lọ́jọ́ yẹn! Mo jẹ edé, mo lá ọbẹ̀, ata ń ta mí, imú mi ń ṣomi. Ìyá Kọ̀fí tún bù sí i fún mi, wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìbànújẹ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn. Kò tán. Mo ṣì sunkún lọ́pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ mo ń jẹun, mo sì mọ̀ pé mi ò dá nìkan wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí èdìmásítà sọ fún mi kò ju pé àwọn nírètí pé mi ò ní máa ju ṣọ́ọ̀kì bí mo ṣe ń ju akàn.

Látìgbà náà, tí Kọ̀fí bá ti Èkó dé, gbogbo wa la máa ń lọ. Mo mọ akàn fọ́, mo gbọ́ díẹ̀ nínú èdè Gánà. Nígbà tó yá, Ọlọ́run fún wa ní obìnrin kan, ó fún wa ní ọkùnrin kan, orí itan Màmá ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ akàn wò. Tíṣà ni Màmá sì pè mí títí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló ń kórìíra wa. Tí ẹnì kan bá dákẹ́ nílé yín, ẹ bi í léèrè, ẹ má gba ti ará àdúgbò. Tí ìbànújẹ́ bá sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni yín, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ẹ mú un jáde, ẹ jókòó tì í.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló mú yín jáde lọ jẹun lọ́jọ́ tó le fún yín? Kí lẹ jẹ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ fún mi. Ó lé ní ogún ọdún tí èmi àti Màmá fi jọ gbé lẹ́yìn Sátidé yẹn kí wọ́n tó lọ sinmi, mi ò sì rántí pé mo lanu dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣé, Màmá.