Ife Kọfí Tí Kò Kún

Prenda kò bi àlejò rí pé kí ló wá ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi jẹ́ ìyàwó ilé ní abúlé Fushë-Mollë. Oríṣiríṣi èèyàn ló gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé: àwọn tó wá wo màlúù, àwọn tó wá tọrọ ọmọge, àwọn tí ọlọ́pàá ń lé. Ó gbé kọfí fún wọn, ó gbé ọtí rakí tì í, ó sì dákẹ́. Ọjọ́ kẹta ni a máa ń bi àlejò ní ìbéèrè, iṣẹ́ baálé ilé sì ni. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìtìjú ni fún onílé láti bèèrè, ìtìjú ni fún àlejò láti sọ. Llesh, ọkọ Prenda, ló ń bèèrè nígbà ayé rẹ̀. Llesh ti kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nínú ilé yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, ilé náà kò sì sí mọ́. Àjà òkè jókòó lé ìsàlẹ̀ lórí bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé fìlà. Prenda jáde láìwọ bàtà. Ìkòkò kọfí rẹ̀ kékeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó mú un. Wọ́n fún un ní àgọ́ kan nínú pápá bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni mí. Mo ní ìwé ẹ̀rí nípa ilé kíkọ́ láti Tirana, olú ìlú wa, mo sì ní àga ike kan nínú àgọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé àwọn ìgbìmọ̀ àtúnkọ́ ilé fún un, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ó rò pé bí mo bá tún un kà yóò yí padà. Kò yí padà. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá pé kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù ni orúkọ rẹ̀ yóò wọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn yẹn ni wọn yóò kọ́ ilé fún lọ́dún yìí. Àwọn yòókù yóò dúró de àkọsílẹ̀ kejì, èyí tí kò ní ọjọ́. Ilẹ̀ Prenda ṣì wà ní orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ni bàbá náà bí: Llesh tó ti kú, àti Ndue tó wà ní Ítálì láti ọdún méjìlélógún. Àfi kí Ndue fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda ìpín òun.

Mo ní ká pè é lórí fóònù.

"Fóònù kẹ̀?" ni Prenda wí. "Kí n tọrọ ilẹ̀ ọkọ mi lórí fóònù bí ẹni tọrọ iyọ̀? Ó mọ̀ pé ilẹ̀ mì. Tó bá ní ojú, á wá."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá tí ilẹ̀ mì, ó wá.

Ndue kò wá síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo abúlé ló rántí èyí kí ó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn rí. Ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ìnira," ó sì tẹrí ba, torí Prenda ló fọ aṣọ iléèwé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

"O káàbọ̀, Ndue. Jókòó."

Ó jókòó. Ó mu kọfí. Ó mu rakí. Ó sọ̀rọ̀ nípa òjò orí òkun. Kò sọ ohun tó gbé e wá, Prenda kò sì bèèrè. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Léraléra ló ń lọ síbi àpò inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí yóò kàn án, tí yóò sì padà.

Pashk, tí àgọ́ rẹ̀ kan tiwa, ti rí ọwọ́ náà. Ó dúró dè mí níbi ẹ̀rọ omi.

"Ẹnjiníà wa tí kò níṣẹ́! O rí bàtà yẹn?"

"Mo rí i."

"Ẹni tó bá wọ irú ẹ̀ wá kí ẹni tílé wó lé lórí, ìwé ló wà lápò ẹ̀. Ó fẹ́ kí Prenda buwọ́ lù ú. Á gba ìdajì, á tà á fún àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, á padà lọ máa jẹ pasítà."

"A ò tíì mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Ọdún mélòó lo lò níléèwé ná?"

Mo gbé omi mi, mo lọ, torí ohun tó sọ náà ni mo ń rò.

Ní Ọjọ́rú, Ndue lọ síbi àlàpà ilé náà. Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Ó ya fọ́tò. Ó dúró níbi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ lọ síbi kànga, ó ń kà á lẹ́nu. Ó padà, ó tún un kà. Nígbà tó rí mi, ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo làwọn ìgbìmọ̀ máa pa ìwé dé?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sán."

"Ọjọ́ Ẹtì," ni ó wí. "Ó dáa. Àyè wà." Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí àpò.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Prenda lọ́kọ̀ọ̀kan: fọ́tò, ìṣísẹ̀, ìbéèrè, àpò. Ó ń họ ọ̀dùnkún. Kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ó wọn ilẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ní ojú ẹ?"

"Ní ojú mi. Àǹtí, ẹ bi í. Ẹ bi í nísinsìnyí."

"Ọjọ́ kẹta kò tíì pé. Èmi sì kọ́ ni baálé."

"Baálé ti kú. Ilé ti wó. Inú àgọ́ la wà."

"Ibi tí mo bá ti gbé kọfí fún àlejò, ilé ni."

Mo wá sọ ohun tí mo sọ. Mo ní bí kò bá lè fi ẹnu bá a sọ̀rọ̀, kí ó fi ife bá a sọ ọ́. Ife tí kò kún ni a fi ń sọ fún ọkùnrin níhìn-ín pé a kò kà á sí èèyàn mọ́. Àwọn bàbá wa ń gbé e fún ẹni tí kò lè gba ẹ̀tọ́ ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, á dìde, á lọ, kì í jà. Prenda kò gbé irú ife bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó họ ọ̀dùnkún náà tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Kò wá sin Llesh," ni ó wí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, Ndue fá irùngbọ̀n. Ó nu bàtà rẹ̀. Ó jókòó ní àyè àlejò, ó ká ọwọ́ lé orúnkún, ó sì ń wo Prenda bí ọmọ tó ti mọ ìdáhùn tó ń dúró de tíṣà. Pashk wà lẹ́nu àgọ́, ó ń díbọ́n pé okùn lòun ń so.

Prenda da kọfí náà. Ó dá a dúró ní ìdajì. Ó gbé e ka iwájú rẹ̀.

Ndue wo ife. Ó wò ó pẹ́. Ọrùn rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mu ún tán, ó dojú ife dé orí àwo, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ọwọ́ yín kò ní rọ." Ó wọlé síbi tó sùn, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Pashk súfèé tẹ̀ lé e dé títì.

"Ẹ̀rù bà á!" ni Pashk wí. "Ẹ rí i bó ṣe ń sá? Ọkọ̀ òkun ìrọ̀lẹ́ yìí náà ló máa wọ̀."

Inú mi dùn. Mo mú ìgbálẹ̀, mo fẹ́ gbọn ibùsùn rẹ̀ jáde, kí òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Prenda gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"A kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìn-àjò. A kì í tú ibùsùn rẹ̀ títí á fi délé."

"Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ife lé jáde?"

"Mo lé e. N kò ní kó rì."

Ọkọ̀ òkun yóò gúnlẹ̀ sí Bari, èbúté ní Ítálì, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú irin yóò sì gbé e dé Bologna, ìlú tó ń gbé, ní agogo méjì ọ̀sán. Prenda ti ṣírò rẹ̀. Ní agogo mọ́kànlá ọjọ́ Ẹtì, a dúró níwájú tábìlì àwọn ìgbìmọ̀. Akọ̀wé bèèrè ìwé àbúrò ọkọ rẹ̀. Prenda ní, "Kò gbà." Akọ̀wé fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Agogo méjì kọjá díẹ̀ nígbà tó gbà kí n tú ibùsùn náà. Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú àpòòwé funfun, níbi tí àlejò tó mọ ìwà hù máa ń fi ẹ̀bùn sí. Òǹtẹ̀ kọ́ńsù, aṣojú ìjọba wa ní Ítálì, wà lára rẹ̀. Èmi, Ndue, ọmọ Gjin, mo yọ̀ǹda gbogbo ìpín mi nínú ilẹ̀ bàbá mi fún Prenda, aya ẹ̀gbọ́n mi, láìgba ohunkóhun. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹta tí ilẹ̀ mì. Ìwé náà ti wà ní àpò rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀.

A sáré. Akọ̀wé ń di àpótí rẹ̀.

"Màmá, ìwé yìí pé, kò ní àléébù. Ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú kan pàápàá, mi ò bá gbà á."

Prenda pe Ndue láti ojú títì. Mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"O délé?"

"Mo délé."

"Ndue, kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Ẹ ò bi mí."

"O ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀."

"Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni. Látẹnu ọ̀nà dé kànga. Bí Ìyá ṣe máa ń kà á nígbà tí ojú wọn fọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn kíkà yẹn, ìyàwó wa."

Prenda ti gbàgbé. Ó di fóònù náà mú síbẹ̀.

"Ọjọ́ ìsìnkú ńkọ́?"

"Mi ò ní ìwé ìrìnnà nígbà yẹn. Tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ìyẹn náà, ẹ ò bi mí."

Orúkọ Prenda wà nínú àkọsílẹ̀ kejì, tí kò tíì ní ọjọ́. Ìgbà òtútù kẹta rẹ̀ rèé nínú ilé àpótí onírin tí wọ́n fi rọ́pò àgọ́ rẹ̀. Pashk ń gbé ilé tuntun, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èèyàn dáadáa ni Ndue. Ndue ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Kò wá mọ́.

Prenda dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá wá, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ inú, á bi í pé, "Kí lo wá ṣe?" Ó bi fádà bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ní ìmìtìtì ilẹ̀ ló dà á lórí rú. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé búrẹ́dì lọ fún un. Ìkòkò kọfí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń hó. Ó bi èmi náà, kò sì da kọfí náà títí mo fi rí èsì fún un.