Nígbà Tí Wọ́n Pe Àdúrà Ìyá Mi Ní Èpè

Nílùú Ìkàrẹ́ tí mò ń gbé yìí, bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ̀san ń bọ̀," mọ̀ pé ìjà ló ń lọ níbẹ̀. Ẹni tó da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, tàbí ẹni tó yà wọ iwájú níbi tí àwọn èèyàn tò sí ní báńkì. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n sọ. Tíṣà ni mí, ẹnu mi mú, mo sì ti fa ọ̀pọ̀ èèyàn lé ẹ̀san lọ́wọ́ lójú títì. N kì í sì í fa èèyàn lé e lọ́wọ́ kí n máa lọ. Mo máa ń fẹ́ dúró wò ó.

Ìyá mi kò gba bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀kà ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, Yèyé sì ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é. Lójú tirẹ̀, ẹ̀san kì í ṣe pàṣán. Oore ni, tó ń rìn bọ̀ wá bá ẹni tó ṣe oore. Ó ní àwa ọmọ ayé òde òní la ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí o bá bá Yèyé sọ ẹrù kalẹ̀, tàbí o bá a fi okùn bọ abẹ́rẹ́, yóò tẹjú mọ́ ọ, yóò na ìka sí ọ, yóò ní, "Ẹ̀san rẹ ń bọ̀ lọ́nà. Kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ." Ìka yẹn ló máa ń ba àlejò lẹ́rù. Àwa tó bí kì í tilẹ̀ wo ìka mọ́. Àmín la máa ń ṣe, tá a sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Àwo aládùúgbò kì í kúrò nílé rẹ̀ lófìfo. Bí ó bá ń ro iwájú ilé tirẹ̀, á ro ti ẹnìkejì mọ́ ọn, títí kan ti obìnrin tí kì í kí i. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí ẹ̀san dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹ̀san ọmọlàkejì kì í ráyè gbin tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ó wá kí mi n'Ìkàrẹ́. Nígbà tó ń padà lọ, takisí tó wọ̀ kú sí ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà kan tí Ìkàrẹ́ ni òun ń lọ ní tirẹ̀ rí arúgbó lẹ́bàá ọ̀nà, ó yí padà. Ó bọ́ aṣọ òjò ọrùn rẹ̀ fún Yèyé, ó so àpò iṣu rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì gba nǹkan kan. Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í bi mí léèrè ohun tí Yèyé ṣe. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó na ìka sí i.

Ọmọ ìlú Àjọwá ni ọmọkùnrin yẹn. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ nílé; garéèjì ló ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá rẹ̀, ní garéèjì, ẹ̀san kan ṣoṣo ló sì wà, èyí tó ń jẹ èèyàn níyà. Yèyé fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi lórí fóònù pé, "Ọmọ ùn kò tilẹ̀ ṣàmín. Ó kàn ta ọ̀kadà rẹ̀ nípàá ni, ó sá lọ."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wà lọ́dọ̀ Yèyé l'Ọ́kà, a ń ṣa ẹ̀wà lójúde, nígbà tí ọlọ́kadà yìí já dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Bándéèjì wà ní orúnkún rẹ̀.

"Màmá, abẹ́g, mo bẹ yín, ẹ ká ọ̀rọ̀ yín kúrò lórí mi."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ̀san tí ẹ ní ó ń bọ̀. Ó ti dé, Màmá. Mo ti ṣubú lórí ọ̀kadà. Ìyàwó mi sì wà ní ọsibítù n'Ìkàrẹ́, ó ń rọbí láti àná, ọmọ kò wá. Dókítà ní kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó kọ̀. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ la òun fún, ṣebí màmá àgbà ti sọ pé ẹ̀san kò ní pẹ́ dé, òun á kú náà ni."

Mo dìde. "Ìyá mi lò ń pè ní àjẹ́, lójúde ara rẹ̀? Lẹ́yìn tó súre fún ọ?" Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Arúgbó tó ń dá gbé ni. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde lójúde arúgbó, kì í wọlé mọ́.

Yèyé kò bínú. Ó sáà ń wo ọmọkùnrin náà nílẹ̀. "Àdúrà mi lo gbé sá lọ bá aboyún nílé bí èpè?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi fi bàjẹ́.

Mo ní, "Yèyé, ẹ sáà sọ pé ẹ ti ká a kúrò, kó máa lọ gba ìyàwó rẹ̀ là."

"Kí n ká kí ni kúrò? Ire ni mo sú. Bí mo bá ká ire kúrò lórí aboyún, kí ló kù lórí rẹ̀?" Ó gbọn eruku ẹ̀wà kúrò lára, ó mú gèlè. "Ọmọ mi, dìde, gbé mi lọ sí ulé ìwòsàn ùn."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gun ọ̀kadà kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá, mò ń ráhùn, atẹ́gùn sì ń gbé ìráhùn mi lọ.

Ọmọdé ni ìyàwó náà. Ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Bí ó ṣe gbọ́ ẹni tó wọlé, ó kọjú sí ògiri. Yèyé sọ̀rọ̀: ó ní oore ni ọkọ rẹ̀ ṣe, ire ni òun sì fi dá a lóhùn. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ di etí. Ìka Yèyé tún ti ń gòkè; mo yára dì í mú. Ọ̀rọ̀ ló ba nǹkan jẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì lè tún un ṣe.

Ló bá di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì kúnlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pariwo. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré láti fà á dìde, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Ìyá tó ti bí ẹni tó lè bí ọmọ yẹn, lórí táìlì, orúnkún rẹ̀ tí kò dára tẹ́lẹ̀!

"Ọmọ mi, wò mí. Ẹni tó bá ṣépè fún ọ kò ní kúnlẹ̀ fún ọ. N kò ní dìde àfi bí o bá gbà fún dókítà."

Ọmọbìnrin náà yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó rí i nílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ láti gbé e dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo gbà. Mo gbà."

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n jáde wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin ni wọ́n ní ó bí, ìyá rẹ̀ sì yè.

Àbúrò mi ọkùnrin pè láti Àkúrẹ́, ó bínú gidi. Ó ní kí ló dé tí mo jókòó tí ìyá wa fi kúnlẹ̀ fún ọmọdé lójú gbogbo ayé. Mo ní kí ó fi fóònù sílẹ̀ bí kò bá ní ọ̀rọ̀ gidi sọ. Mo ti wọ aṣọ oyè fásitì rí, mo ti gba ẹ̀bùn tíṣà tó dára jù, orí mi kò wú tó bí ó ṣe wú lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni ọmọ obìnrin tó kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe dárúkọ ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, tíí ṣe Sọ́ńdè, orúnkún rẹ̀ ti wú bí ọsàn, síbẹ̀ ó ní òun á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ fún àdúrà. Gbogbo wa kúnlẹ̀. Yèyé jókòó sórí àga, ó ń wo iwájú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ìjókòó rọra tẹrí ba sí i létí, ó ní, "Màmá, a ń kúnlẹ̀ o."

Yèyé ní, "Mo ti kúnlẹ̀ tèmi."