Obìnrin Tó Wẹ Ìyá Àgbà Wa

Kékeré ni mo wà, eyín wàrà ṣì wà lẹ́nu mi, nígbà tí à ń gbé ní Oto, níbi tí fèrè rélùwéè ti máa ń jí wa láàárọ̀ ṣáájú àkùkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré kọjá níbẹ̀ lónìí, ẹ jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ nípa Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ru aṣọ wá tà, wọn kò sì padà mọ́. Bí wọ́n bá wúkọ́ lásán nínú ìsọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ikọ́ ọ̀hún tó tán. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni kókó kan wá wú sí nínú. Wọ́n gbé wọn kọjá afárá lọ sí ọsibítù ní Èkó. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní kí wọ́n máa gbé Màmá lọ sílé, oògùn ti tán, ó ku ìtọ́jú.

Ìtọ́jú ọ̀hún wá di ogun. Ìyá mi bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé, Ìyá àgbà ní, "Gbé omi ẹ jáde."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ara yín—"

"Ara mi ṣe kí ni? Ìkókó àti òkú nìkan ni wọ́n ń wẹ̀. Èmi kò mu ọmú. Àbí ẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ dè mí ni?"

Ẹ má sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ yé wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn á máa jiyàn: ṣé inú ilé ni kí wọ́n sin Màmá sí ni, àbí kí wọ́n gbé wọn lọ sí Iléṣà? Ẹni tí wọ́n fẹ́ sin sì nìyí, ó lajú sílẹ̀, ó ń gbọ́. Kò sí ẹni tó tún ń bi wọ́n ní ohunkóhun. Lójú Ìyá àgbà, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà kí a wẹ̀ wọ́n ni wọ́n gbà pé àwọn ti kú. Wọn kò gbà. Ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ ti dá egbò sí wọn lẹ́yìn, òórùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi sì ń sunkún nínú ilé ìdáná.

Àwọn ará ilé kejì ló júwe Àǹtí Ọsibítù fún wa. Apá Ìpọ̀nrí ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, wọn kò di abẹ́rẹ́ mú rí. Nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tẹ́, póò ni wọ́n ń dà, aláìsàn ni wọ́n ń wẹ̀. Gbogbo wa rò pé bí wọ́n bá ti dé, wọn á gba omi, wọn á ya wọlé. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni Àǹtí dúró sí.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Aláṣọ. Ṣé kí n wọlé?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ àyè níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò ni, mà."

"Wọlé." Ìyá àgbà wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Àlejò kì í mú ọṣẹ lọ́wọ́."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ojú yín mú o! Ọṣẹ ni lóòótọ́."

"Padà lọ. Ìkókó àti òkú ni wọ́n ń wẹ̀."

"Ìyá, ẹ gbàgbé ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Ìyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn yín dé ilé ọkọ, ṣé wọn kò bu omi sí yín lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé? Ṣé òkú ni yín lọ́jọ́ náà?"

Ara Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. A rò pé ìrora ló dé. Àṣé ẹ̀rín ni!

"Ọmọ aláìnítìjú! Ní ọjọ́ orí mi yìí? Ọkọ wo ló kù?"

"Ọkọ kò kàn mí. Ẹsẹ̀ ló kàn mí."

"Ẹsẹ̀ nìkan o!"

"Ẹsẹ̀ nìkan, mà."

Ẹsẹ̀ nìkan náà ni wọ́n wẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n nù ún, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀ dé orúnkún. Díẹ̀díẹ̀ báyìí, títí Ìyá àgbà fi fúnra wọn sọ pé, "Wẹ ẹ̀yìn mi náà, ìyàwó ti wọlé tán." Egbò ọ̀hún rí ìtọ́jú. Àǹtí kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká tún yí i sí èkejì, ká fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n lé àwọn tó ń jiyàn ìsìnkú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà wá ní kí wọ́n gbé aṣọ títà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ọmọ wọn wí pé wọn kò mọ aṣọ ká. Wọ́n ń kú lọ, wọ́n sì ń pàṣẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, Àǹtí kò yé bá wọn sọ̀rọ̀. "Ìyá, mo fẹ́ fi òwú tutù kàn yín létè o." "Ìyá, ẹ jẹ́ ká yí sápá òsì."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Wọn ò gbọ́ mọ́."

"Ta ló sọ fún yín? Etí ló ń kú kẹ́yìn."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá àgbà lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ ìyá mi. Lẹ́yìn ẹkún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé omi fún Àǹtí pé, "Iṣẹ́ yín náà ni, ẹ bá wa wẹ̀ wọ́n."

Àǹtí ti ń wé gèlè. Wọ́n ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pe àwọn àgbà obìnrin ilé yín. Alààyè ni mo wẹ̀."

Ayé ti yí. Nígbà náà, èèyàn kún inú ilé fọ́fọ́, ìtọ́jú ló ṣòro. Lónìí ilé-ẹ̀kọ́ wà tó ń kọ́ni níṣẹ́ yẹn, ìbọ̀wọ́ wà, bẹ́ẹ̀dì tó ń dìde fúnra rẹ̀ wà, inú mi sì dùn sí i. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ dìde. Àwọn ọmọ mi mú ọmọbìnrin kan wá láìpẹ́ yìí láti máa tọ́jú mi. Aṣọ rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó dúró síwájú mi, ó kọjú sí ọmọ mi, ó ní, "Ṣé Màmá ti jẹun?"

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni kí o bi. Èmi ni mo ni ikùn."